Ife Tó Kún Dẹ́nu ní Ilé Àyà

"Ẹ mí sínú, kí ẹ sì dá a dúró," ni bẹ́ẹ̀dì náà wí.

Màmá Ṣẹ̀gílọlá mí sínú, ó dá a dúró. Bẹ́ẹ̀dì kùn, ó gbé apá kan sókè, ó sì rọra tẹ ìyá arúgbó náà sí ìhà ìlà-oòrùn, bí a ṣe ń tẹ ìkòkò kí ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ lè wọ́ jọ síbì kan. Orí rẹ̀ kọ sí apá ibi tí ilẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ gbogbo aláìsàn ní Ilé Àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sí òkun, ọ̀tún rẹ̀ sì kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọmọyẹlé dúró ti awò, ó ń wo inú àyà ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ń bẹ omi nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó ṣàn.

Omi náà hàn kedere, ó funfun bí omidùn ògì, láàárín awọ méjì tó pààlà ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà. Kò sí ẹni tí kò ní díẹ̀ níbẹ̀. Ṣíbí kan péré ti tó láti jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró máa yọ̀ geere nígbà tí èèyàn bá ń mí. Ti Màmá ti kọjá ṣíbí. Lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ti tó ife méjì.

Ọdún mọ́kànlá ni Ọmọyẹlé ti ń ṣe awòyà, tó ń wo àyà àwọn ará Léfòó, ìlú orí omi, ó sì mọ ìwà omi yìí ju bí ó ti mọ ìwà àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá jókòó, omi á kó jọ sí ìdí ẹ̀dọ̀fóró, á sì gun ara ìhà díẹ̀ bí omi ti í gun etí ife. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́yìn. Bí ó bá fẹ̀gbẹ́ sùn, omi á bá a lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn. Ti ọ̀tún kì í kọjá sí òsì, ti òsì kì í yà sí ọ̀tún, torí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀, ibi tó bá relẹ̀ jù ni omi í fi ṣe ibùgbé. Nísinsìnyí tí bẹ́ẹ̀dì ti tẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó yẹ kí omi Màmá kúrò lára ìhà ọ̀tún, kí ó wá sí àárín, lẹ́bàá ọkàn.

Kò wá. Ó lẹ̀ mọ́ ìhà ọ̀tún bí ẹni tó gbọ́ ìpè tí kò fẹ́ jẹ́.

"Omi kò gbọ́ràn," ni bẹ́ẹ̀dì wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fún un. "Ẹ kú sùúrù, Màmá. Kí awòyà fi àtàǹpàkò tẹ ìwé kí òkun tó fà."

Ìwé yọ jáde lábẹ́ awò. Ọmọyẹlé kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ ilé-ìwé tó kéré jù ní Léfòó mọ òfin náà lórí: omi tó gbọ́ràn, abẹ́rẹ́; omi tí kò gbọ́ràn, Òkè. Ẹni tí omi rẹ̀ bá gbọ́ràn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á jáde, á jẹ ẹja rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀, ìlú gbà pé òkun ló ń pe omi náà, pé èémí ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú kí òkun pe ti ẹlòmíràn. Wọ́n á gbé e lọ sí Òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, títí omi yóò fi gbàgbé òkun. Kò tíì sí èyí tó gbàgbé. Lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà yìí, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ni wọ́n tẹ́ Ikúdàísí, ọkọ Ọmọyẹlé, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí. Àtàǹpàkò Ọmọyẹlé ló wà lórí ìwé rẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Màmá bèèrè.

"Ẹ sinmi ná, Màmá."

"Ìyàwó, má tan àgbà. Ojú yìí náà ni o gbé wọlé lọ́jọ́ tí o tẹ ìwé ọmọ mi."

Láti ọdún mẹ́ta, wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kan, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn rí. Ojú ti Ọmọyẹlé débi pé kò mọ ibi tó lè kọjú sí. Ó yí bẹ́ẹ̀dì padà, ó gbé ìyá náà dìde jókòó, ó sì bu omi mímu fún un láti rí nǹkan fọwọ́ ṣe.

Màmá wo inú ife, ó ṣe ẹ̀rín músẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ orí omi. Ààbọ̀ ife náà ni títí ayé. Lọ́dọ̀ tiwa lórí ilẹ̀, ẹni tí wọ́n bá bu ààbọ̀ omi fún, wọ́n ní kó máa lọ ilé rẹ̀ ni." Ó na ọwọ́ gbé jọ́ọ̀gì, ó bu ife náà kún dẹ́nu, ó sì gbé e lé orí àpótí tí wọ́n kàn mọ́ pátákó ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi dà láti ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kò sí wàhálà, Màmá, ọwọ́ yín ló gbọ̀n."

"Ọwọ́ ta ni? Ìwọ tí ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n, wá bù ú."

Ọmọyẹlé bù ú. Ó rọra ń dà á títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, omi sì tún yọ́ dà sílẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn. Lápá ìlà-oòrùn, ó ku ìbú ìka kan kí omi tó dé etí ife. Ó tẹjú mọ́ ọn. Kò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀, nítorí pé láyé rẹ̀ kò tíì bu ife kún rí. Ẹni tó bá bu ife kún ní Léfòó, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú pé kò kọ́ ọmọ.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Màmá wí. "Mo wà níhìn-ín, ilé yín wọ́. Ó wọ́ gan-an. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni ẹsẹ̀ ti ń dùn mí ní ẹ̀gbẹ́ kan."

Ọmọyẹlé kò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n bí sórí omi, kó tó mọ ìrìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń gba ilé tó ń mì. Bí pátákó bá tẹ̀, orúnkún á ti tún un ṣe kí orí tó gbọ́. Ó rìn lọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Okùn ńlá tó so Ilé Àyà mọ́ òpó lápá ibẹ̀ le gan-in, ó ń dún kíí, ó sì fa ẹ̀gbẹ́ ilé náà wọ inú omi. Wọ́n ti wọn okùn yẹn láti ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Láti ìgbà náà, òkun ń ga sí i lọ́dọọdún, òpó kò ga, ẹnikẹ́ni kò sì tú okùn gùn.

"Bẹ́ẹ̀dì," ni ó wí, "mélòó lo tẹ̀ sí ìlà-oòrùn?"

"Ìwọ̀n márùn-ún, láti orí pátákó ilẹ̀."

"Pátákó ilẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe tẹ̀?"

"Pátákó ilẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀," ni bẹ́ẹ̀dì fèsì. "Kò sí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ sí ìlà-oòrùn díẹ̀, ilé tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi Màmá kò ṣe oríkunkun kankan. Ó lọ síbi tó relẹ̀ jù, bí Ẹlẹ́dàá ti dá a. Ilé ló ń purọ́ mọ́ ọn. Ọmọyẹlé rántí ohun tí gbogbo awòyà ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó bá dé nígbà tí òkun fà, omi rẹ̀ a máa gbọ́ràn, ẹni tó bá dé nígbà tí òkun kún, àfàìmọ̀ kó má kọ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu pé ẹ ò rí i bí òkun ti ń pè wọ́n. Méjìlélógójì èèyàn ni òun fúnra rẹ̀ ti tẹ ìwé wọn, torí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni títẹ ìwé Òkè wà. Méjìlélógójì, tí ohun kan péré tó ń ṣe wọ́n jẹ́ omi tí abẹ́rẹ́ kan lè fà jáde láàárín wákàtí kan. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó jáde lọ sínú gbọ̀ngàn, lọ síwájú Ògiri Èémí.

Gbogbo ará ìlú ló ní ìlẹ̀kẹ̀ ìhà, ohun kékeré bí ẹ̀wà kan tí wọ́n ń rán sábẹ́ awọ ara ọmọdé lọ́jọ́ ìkómọ, tó sì ń fi àwòrán àyà olúwarẹ̀ ránṣẹ́ sí Ògiri níbikíbi tó bá wà. Ti àwọn tó lọ sí Òkè wà lápá kan lọ́tọ̀, ìlà mẹ́fà, méje-méje. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí òkun bá kún, àwọn ẹbí wọn máa ń wá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án láti wo èémí ẹni wọn. Òní ni ọjọ́ náà. Ọmọyẹlé ní tirẹ̀ kì í dúró de ọjọ́. Àràárọ̀ ló ń wo èyí tó wà ní ìlà kẹta, tí í ṣe ìkarùn-ún láti òsì. Ó ti mọ̀ pé nígbà tí òkun bá kún, omi àyà Ikúdàísí á rìn lọ sí ìhà ọ̀tún, ó sì máa ń wí fún ara rẹ̀ pé ó ti jẹun tán lọ́hùn-ún, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Ó máa ń dùn ún díẹ̀. Nílé, òsì ló máa ń fi sùn, kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní Òkè ti kọ́ ọkọ òun ní ìwà mìíràn.

Ó wá gbé ojú kúrò lára ti Ikúdàísí, ó wo gbogbo wọn pa pọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àyà méjìlélógójì ń mí lórí ògiri, nínú gbogbo wọn ni omi sì ti wọ́ sí apá kan náà, bákan náà, gẹ́gẹ́ bí omi inú ife Màmá. Òkè jìn sí òkun tó ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í tẹ̀ nígbà tí òkun bá kún. Ó rí i pé òun ti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí pátákó láìmọ̀.

"Ọmọyẹlé, mi ò tíì rí ìwé Màmá."

Ọ̀gá Akíngbadé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, olórí Ilé Àyà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ọ̀gá, okùn ìwọ̀-oòrùn ti kúrú. Ilé wọ́."

Kò bi í pé kí ló ń sọ. Ibẹ̀ ni Ọmọyẹlé ti mọ̀ pé Ọ̀gá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ibo ni ẹ kó wọn sí?"

Ọ̀gá wo bàtà rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà nìyí tí Òkè ti ti géètì. Wọ́n ní àwọn ò gba ọmọ omi kankan mọ́, ìbáà ṣe aláìsàn, ìbáà ṣe òkú. Ọkọ̀ tí a kó lọ, wọ́n dá a padà. Àwọn tó sì ti wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n kó wọn lé wa lọ́wọ́. Ká wá dá wọn padà sílé? Àwa la sọ fún ìlú pé òkun wà nínú wọn. Wọn ì bá dáná sun wọ́n mọ́lé. A fún wọn ní oògùn oorun, a ní kí ó di ọ̀la ká tó mọ ohun tí a máa ṣe. Wọ́n ṣì ń sùn." Ó mí kanlẹ̀. "Nípa ti okùn, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn."

"Mo ní ibo, Ọ̀gá."

"Abẹ́ ibi tí o dúró sí."

Ọmọyẹlé wo pátákó ilẹ̀. Yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń pe abẹ́ ibẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń rìn kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ronú nípa bàtà rẹ̀ tó ń dún kò-kò-kò, ó sì bá ara rẹ̀ bèèrè bí ẹni tó sùn ṣe ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

"Tẹ ìwé Màmá," ni Ọ̀gá wí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Mo ṣèlérí, ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ gan-an la máa tẹ́ ẹ sí, a ó sì tú okùn gùn láti ọ̀la, kò ní sí ẹlòmíràn mọ́. Bí o bá sì lanu, rò ó dáadáa. Bí àwọn èèyàn yẹn bá béèrè ìwé, àtàǹpàkò ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀? Kì í ṣe tèmi."

Òótọ́ ló sọ, ibi tó dùn ún jù nìyẹn. Ọmọyẹlé padà sínú yàrá, ó bá Màmá tó ti wọ bàtà rẹ̀, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà yàrá kò lè dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.

"Ìyàwó, inú ilé yìí ni ọmọ mi wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ọmọyẹlé kúnlẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó ti tọ́ sí i láti ọdún mẹ́ta. Ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe jẹ́jẹ́.

"Inú mi kò dùn sí ọ," ni ó wí. "Ó máa pẹ́ kó tó dùn. Dìde. Àwọn àlejò ti ń dé, o ò sì tíì bu omi. Bù ú kún."

Àwọn ẹbí ti ń wọlé, ó tó ọgbọ̀n èèyàn, tí ojú wọn ti kọ sí ògiri kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn. Níwájú wọn ni tábìlì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, Ọmọyẹlé àti Màmá sì ń gbé ife kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bu omi síbẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà.

"Awòyà, kí lẹ wá ń ṣe wọ̀nyí?" ni bàbá apẹja kan bèèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ìlà kìn-ín-ní. "Ṣé ẹ ò ní ìyá ni?"

"Mo ní, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ife rẹ̀." Ọ̀gá Akíngbadé ti sáré wọ gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n Màmá Ṣẹ̀gílọlá ti lọ dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú jọ́ọ̀gì lọ́wọ́, kò sì sí bí ó ṣe fẹ́ ti ìyá arúgbó lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọyẹlé kọjú sí wọn. "Èmi ni mo tẹ ìwé gbogbo ẹni yín. Kí ẹ tó bi mí, mo ti sọ ọ́. Ẹ fi ojú kan wo ife, ẹ fi ojú kan wo ògiri."

Ó lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ká okùn ìwọ̀-oòrùn, tó wà lẹ́bàá fèrèsé gbọ̀ngàn, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, ó sì ká a. Irin náà ti dípẹtà, ó ké. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì. Ilé rọra tẹ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ orí omi pàápàá gbọ́ ọ.

Ife ọgbọ̀n da omi wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Lórí ògiri, omi inú àyà àwọn tí wọ́n ní wọ́n wà ní Òkè gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ́ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì dúró síbẹ̀.

Omi ń kán láti etí tábìlì sórí pátákó. Bàbá apẹja náà wo ife, ó wo ògiri, ó tún wo ife. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó kó wọn sórí bẹ́ǹṣì, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n.

"Awòyà." Obìnrin kan ló nawọ́ sí ògiri. "Èwo lèyí?"

Ìlà kẹta, ìkarùn-ún láti òsì. Omi ibẹ̀ ti bá ti àwọn yòókù lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nísinsìnyí ó ń padà. Ó kúrò lára ìhà ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, ó rìn wá sí àárín, lẹ́bàá ọkàn, ó sì kó jọ síbẹ̀, nígbà tí ilé ṣì tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn bí ó ti tẹ̀. Ọmọyẹlé mọ ìwà omi. Omi kì í gun òkè. Ẹni tó gbé e sínú ló yí ara rẹ̀ padà. Ikúdàísí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

Màmá gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín omi tó dà, ó wọ́ gèlè rẹ̀ kúrò létí, ó sì gbé ẹnu sí àlàfo pátákó ilẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí oorun bá gbé e lọ.

"Ikúdàísí," ni ó pè. "Oòrùn ti ga. Ìyàwó rẹ wà níbí."

Gbogbo wọn yíjú sí ògiri, wọ́n ń wò ó. Omi àyà Ikúdàísí mì, bí ti ẹni tó fẹ́ dìde.